Kíránkì kẹ̀kẹ́ trials mi ń dún: ṣé kí n ra tuntun ni, àbí kí n máa fara mọ́ ọn?

omo_ikija (Ajé, 7:12 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Kẹ̀kẹ́ trials oní-táyà 26 ni mo ń gùn. Tòkúnbọ̀ ni, Èkó ni mo ti lọ rà á lọ́dún tó kọjá. Fún ẹni tí kò bá mọ irú ẹ̀: tèmi ò ní ìjókòó, kò ní gíà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kéèyàn dúró lórí pẹ́dà, kó máa fi fò láti orí òkúta kan bọ́ sórí òmíràn láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Fídíò Danny MacAskill, ọmọ Scotland yẹn, èyí tó jáde ní 2009, ló kó bá mi. Mo rí i tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí irin ọgbà ṣóńṣó-ṣóńṣó, ara mi ò balẹ̀ mọ́ látọjọ́ náà. Àpáta ò sì wọ́n l'Abẹ́òkúta, orúkọ ìlú wa ti sọ ọ́. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkìjà nìkan, mi ò tíì fò ó tán.

Wàyí o, kíránkì tó bá a wá (apá méjèèjì tí pẹ́dà wà lórí ẹ̀), alumíníọ́mù ni, gígùn ẹ̀ jẹ́ 170 mílímítà, ihò onígun mẹ́rin ló fi wọ ọ̀pá àárín tó so apá méjèèjì pọ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí mo bá ti fi agbára tẹ pẹ́dà kí n tó fò, ó ń dún "kẹ́-ẹ́!" Bí mo bá ń gùn ún jẹ́jẹ́ lọ sí Sàpón, kì í dún rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ gbogbo ẹ̀ dànù, kí n ra irú kíránkì tí wọ́n ń pè ní ISIS, èyí tí orí ọ̀pá ẹ̀ ní eyín mẹ́wàá, kí n sì ra ọ̀pá àárín tuntun mọ́ ọn, torí ti tẹ́lẹ̀ ò ní bá a mu. Tí mo bá ka owó ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ọn, ó ju àpò ìrẹsì kan lọ dáadáa. Iṣẹ́ wáyà iná ni mo ń kọ́, ọ̀gá mi ò tíì dá mi sílẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

folapata (Ajé, 7:31 alẹ́)

Rà á. Kí lo tún ń bi èèyàn sí? Onígun mẹ́rin ti di ti ayé àtijọ́. ISIS ni mo ń lò, ọdún kẹrin rèé, kò dún pìn-ín. Ẹ̀mí ò láàrọ̀, àbúrò. Ìrẹsì á ṣì wà lọ́jà lọ́dún tó ń bọ̀.

ayo_kuto (Ajé, 7:40 alẹ́)

Ẹ dákun, kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ ń sọ ni àbí ọ̀kadà? Mo rí "kẹ̀kẹ́", mo sáré wọlé.

sikira_20 (Ajé, 7:43 alẹ́)

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, bùọ̀dá. Èyí tí wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi sinmi.

egbon_seeni (Ajé, 8:05 alẹ́)

Folapata, a ò tíì mọ ohun tó ń dún, o ti ní kí ọmọ ọlọ́mọ lọ náwó.

Àbúrò, kọ́kọ́ ṣe èyí. Di apá kíránkì méjèèjì mú, ọwọ́ ọ̀tún fún ti ọ̀tún, ọwọ́ òsì fún ti òsì, kó o wá mì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Má yí wọn o, mì wọ́n ni. Bí méjèèjì bá jọ mì pọ̀, bíárìn ọ̀pá àárín ló ti jẹ. Bí ẹyọ kan bá mì tí èkejì dúró gbọn-in, ti ẹni tó mì yẹn ni: bóyá bóòtì ẹ̀ tú, bóyá ihò ẹ̀ ti fẹ̀. Bí ìkankan ò bá mì, tú pẹ́dà, nu ojú ìlà ẹ̀ (ibi tó ń yí wọnú kíránkì) dáadáa, fi gíríìsì díẹ̀ sí i, kó o dá a padà. Pẹ́dà òsì, òdì ni wọ́n ń tú u o. Ibi tí o máa ń yí sípánà sí láti fi de nǹkan ni kó o yí i sí. Mo ti rí ẹni tó fi páìpù kún sípánà nítorí ẹ̀, tó run gbogbo ẹnu ihò.

Mo sọ èyí torí ohun tójú mi rí. Kẹ̀kẹ́ mi dún fún oṣù méjì. Mo ra ọ̀pá àárín tuntun, ó ń dún. Mo ra pẹ́dà, ó ń dún. Nígbà tó yá ni mo rí i pé bóòtì tó di hándù mú ló tú. Ìyàwó mi ṣì ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́.

folapata (Ajé, 8:11 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ti hándù yín ò kan kíránkì ẹ̀. Tó bá já lójú òfuurufú ńkọ́?

baba_keke_lafenwa (Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Láfẹ́nwá kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ nínú yín.

Láyé Raleigh, kọ́tà la fi ń de kíránkì mọ́ ọ̀pá. Irin kékeré kan ni, kò ju ìka ọmọdé lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rí pẹlẹbẹ. A ó fi òòlù gbá a wọlé, a ó de nọ́ọ̀tì sí ìdí ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi kẹ̀kẹ́ ru láfún wá sọ́jà, bí kọ́tà ẹ̀ bá tú tí kò sì yà lọ́dọ̀ wa, kó tó délé kọ́tà á ti jẹ. A ó yọ ọ́ sọnù, a ó fi tuntun sí i. Owó táṣẹ́rẹ́ ni.

Ti ìsinsìnyí ò ní kọ́tà. Kíránkì fúnra ẹ̀ ló wá di kọ́tà. Ọ̀pá jẹ́ irin, ihò jẹ́ alumíníọ́mù, ta ló máa jẹ ta? Bí bóòtì bá tú tí o ń fò lé e lórí, irin á máa jẹ ihò náà títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi di róbótó. Tó bá ti débẹ̀, dè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbọ́. Nítorí náà lọ wo bóòtì rẹ lónìí, má dúró dọ̀la.

Ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju dídún lọ: lílà. Yọ kíránkì náà kúrò pátápátá. Fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ. Fi kẹrosíìnì pa á lára, pàápàá ní ibi tí pẹ́dà ń wọ̀ àti ní ọrùn ihò onígun mẹ́rin. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fi àkísà gbígbẹ nù ún títí ọwọ́ rẹ ò fi ní tutù mọ́ bí o bá fọwọ́ kàn án. Wá lọ ṣọ́ọ̀kì ilé-ìwé kúnná, fi pa á lára kó funfun. Bí ó bá ti là níbì kan, kẹrosíìnì tó sá sínú ibi tó là á jáde wá mu ṣọ́ọ̀kì, wàá rí ìlà tútù. Ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì lọ́rì ni mo ti kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń wo ásùlù nìyẹn.

sikira_20 (Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Bàbá, ẹ ṣeun o. Ọmọ yín náà kú iṣẹ́ títẹ̀.

omo_ikija (Ìṣẹ́gun, 9:26 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo mì ín bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Ìkankan ò mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi sípánà sí bóòtì apá ọ̀tún, ó yí tó ìlàrin kó tó le. Ti òsì ò yí rárá. Mo fi gíríìsì sí pẹ́dà méjèèjì. Mo wá gbé e jáde. Ó dákẹ́ fún bíi fífò mẹ́wàá, ó tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pariwo tó ti tẹ́lẹ̀.

Mi ò tíì ṣe ti kẹrosíìnì. Mi ò ní púlà tí wọ́n fi ń fa kíránkì yọ.

folapata (Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́)

Ẹ ò rí i? Ó ṣì ń dún. ISIS!

egbon_seeni (Ìṣẹ́gun, 9:58 alẹ́)

Bóòtì tó yí tó ìlàrin, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Nǹkan bí 40 Nm ló yẹ kó o fi dè é. Ká sọ ọ́ lédè tó yé gbogbo wa: bí sípánà rẹ bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, fi agbára tó lè gbé ẹrù kìlógíráàmù 20 tẹ orí ẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50, ẹ ṣírò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dè é tó bẹ́ẹ̀ torí ẹ̀rù alumíníọ́mù ń bà wá. Má sì fi gíríìsì sójú igun mẹ́rin yẹn, ojú ìlà bóòtì nìkan ni kó o fi sí.

Púlà wà lọ́wọ́ mi, wá gbà á ní Òkè-Ìlẹ̀wó. Ìlà ẹnu ẹ̀ rọrùn láti bàjẹ́ o, fi ọwọ́ yí i wọlé dé òpin kó o tó fi sípánà kàn án.

baba_keke_lafenwa (Ọjọ́rú, 6:41 àárọ̀)

Èmi máa ń fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, ó ti tó ogún ọdún.

egbon_seeni (Ọjọ́rú, 7:20 àárọ̀)

Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọdún tuntun á bá wa níbí.

sikira_20 (Ọjọ́rú, 1:04 ọ̀sán)

Kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan, ẹ ò tíì mẹ́nu ba gígùn. Èmi, táyà 20 ni mo ń gùn, 160 ni kíránkì mi. Táyà 26 máa ń lo 170 sí 175. Mo sọ èyí torí pé àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 160 ni wọ́n sábà máa ń dín owó rẹ̀ kù, ojú èèyàn á sì wọ ibẹ̀.

Mo ti yá kẹ̀kẹ́ ẹnìkan tó fi 160 sórí 26. Ẹ gbọ́, ó dà bí ẹni pé mo ń fi ìdí ọmọrogùn ro àmàlà. Tí ẹ bá dín 170 kù sí 160, agbára tẹ́ ẹ máa fi tẹ pẹ́dà láti rí fífò kan náà á fi bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹ lè rò pé kò tó nǹkan. Ẹ fò lẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kẹ́ ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ á tún súnmọ́ra jù, dídúró ní ojú kan á wá le. Àǹfààní kan tí mo rí ni pé pẹ́dà ò tètè gbá òkúta.

Omo_ikija, tó o bá máa rà, má kúrò ní 170.

joojoo_adatan (Ọjọ́rú, 5:37 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ń da ara yín láàmú? Bó bá là, ẹ gbé e wá bá mi ní Adátán, máa jó o pọ̀. Mo ń jó alumíníọ́mù dáadáa. Ẹnì kan wà ládùúgbò wa tó ń da ìkòkò, ó lè fi ti àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ nínú iyanrìn, kó yọ́ alumíníọ́mù, kó da tuntun fún un. Kò ní gba dọ́là.

egbon_seeni (Ọjọ́rú, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Joojoo, iṣẹ́ rẹ dára, ìwọ lo jó irin ẹ̀rọ omi wa. Ṣùgbọ́n má jó kíránkì fún ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀ ọ́. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi ń ṣe é, iná ni wọ́n fi sè é kó tó le bẹ́ẹ̀, wọ́n mú un gbóná, wọ́n jàn án sómi, wọ́n tún fi iná díẹ̀díẹ̀ gbé e sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Nígbà tó o bá jó o, ẹ̀gbẹ́ ibi tó o jó á padà rọ̀. Ojú ibi tó o jó lè dúró o, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló máa kán.

Ti ìkòkò yẹn ńkọ́? Ṣé o ti rí alágbẹ̀dẹ tó yọ́ irin, tó dà á sínú iyanrìn, tó ní àdá rèé? Lílù ni wọ́n ń lu àdá. Kíránkì tó dára náà, wọ́n fi òòlù ńlá lù ú nígbà tó gbóná ni, kí ara ẹ̀ lè ki, kó sì máa tẹ̀ lé apá náà látòkè délẹ̀. Èyí tí wọ́n bá dà máa ń ní ihò wínníwínní nínú. Ìkòkò ọbẹ̀ ò mọ̀ ọ́n lára, torí kò sẹ́ni tó ń fò lé ìkòkò.

joojoo_adatan (Ọjọ́rú, 6:22 ìrọ̀lẹ́)

Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò tíì san ìyókù owó irin ẹ̀rọ omi yẹn o.

omo_ikija (Àbámẹ́ta, 11:48 àárọ̀)

Ẹ̀yin ará, mo ti ṣe é. Mo gba púlà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n lálẹ́ àná, mo yọ apá méjèèjì. Ihò igun mẹ́rin, méjèèjì ló ṣì mú ṣáṣá, kò tíì di róbótó. Inú mi dùn, mo ní ó ti bùṣe.

Mo wá ṣe ti kẹrosíìnì bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Ṣọ́ọ̀kì àbúrò mi ni mo jí lò. Apá òsì funfun bálabàla, kò sí nǹkan kan. Apá ọ̀tún, mo wò ó, mi ò rí nǹkan. Mo lọ jẹun. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ìlà kan ti yọ, ó tín-ínrín bí irun orí, láti ẹnu ihò tí pẹ́dà ń wọ̀ lọ sí apá inú, ó tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Mo nù ún, mo tún fi ṣọ́ọ̀kì sí i, ibẹ̀ náà ló tún ti jáde.

Ara mi bù máṣọ. Lánàá òde yìí ni mo fi fò láti orí òkúta tó ga dé àyà mi.

sikira_20 (Àbámẹ́ta, 11:55 àárọ̀)

Yéè! Má gùn ún mọ́ o. Kódà lọ sí Sàpón, fẹsẹ̀ rìn.

folapata (Àbámẹ́ta, 12:01 ọ̀sán)

Mo wí i tàbí mi ò wí i? ISIS.

egbon_seeni (Àbámẹ́ta, 12:40 ọ̀sán)

O wí i pé kó rà, ó sì ti wá di dandan kó rà. Ṣùgbọ́n ibi tó ti là ni kó o wò. Ẹnu ihò pẹ́dà ló ti là. Kí ló kan ISIS níbẹ̀? Eyín mẹ́wàá yẹn, àárín ló wà, ibi tí kíránkì ti wọ ọ̀pá. Ti ọmọ yìí níbẹ̀ le koko. Kíránkì ISIS náà ní ihò pẹ́dà, ojú ìlà tí pẹ́dà ń yí wọ̀ kan náà ló wà nínú ẹ̀. Ká ní ó tẹ̀ lé ọ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀pá àárín tí kò ṣe nǹkan kan ni ì bá jù nù.

Èmi náà ò lè yangàn. Ká ní ó fi tèmi mọ ní bóòtì àti gíríìsì, tí Bàbá ò dá sí i, ó ṣeé ṣe ká ti máa lọ kí i nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àbúrò, alumíníọ́mù ò dà bí irin. Irin, bí ẹrù tó ò ń gbé lé e ò bá kọjá ìwọ̀n kan, ó lè gbé e títí ayé. Alumíníọ́mù ń ka gbogbo fífò tó o fò, kì í gbàgbé ọ̀kan. Tòkúnbọ̀ ni tìrẹ, a ò mọ iye tí ẹni àkọ́kọ́ ti fò kó tó tà á.

Ìmọ̀ràn mi: ra kíránkì onígun mẹ́rin, 170, èyí tí wọ́n lù. Ọ̀pá àárín rẹ ṣì dára, lò ó lọ. Bó bá jẹ́ òsì ló là, ẹyọ kan ni ò bá rà. Ṣùgbọ́n ara apá ọ̀tún ni fíríwíìlì (eléyín tí ṣéènì ń gùn) ń wọ̀, ẹni tó ń tà á kì í sì í sábà yà wọ́n. Kó o fi wáṣà pẹlẹbẹ kan sáàárín pẹ́dà àti kíránkì, kí èjìká pẹ́dà má baà máa họ ojú alumíníọ́mù. Ara họ́họ́ yẹn ni lílà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

folapata (Àbámẹ́ta, 1:15 ọ̀sán)

Ó dáa, mo gbà ti ihò pẹ́dà. Ṣùgbọ́n ISIS ò tú bóòtì fún mi rí.

sikira_20 (Àbámẹ́ta, 1:18 ọ̀sán)

Bíárìn mélòó lo ti pààrọ̀ nínú ọdún mẹ́rin yẹn?

folapata (Àbámẹ́ta, 1:44 ọ̀sán)

Mẹ́ta. Ọ̀pá ẹ̀ ló tóbi, ni wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù kéékèèké sí i. Ṣùgbọ́n kò dún.

ayo_kuto (Àbámẹ́ta, 1:50 ọ̀sán)

Mi ò ní kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè kúrò níbí mọ́.

omo_ikija (Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, 8:33 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kíránkì ti dé. Onígun mẹ́rin, 170, lílù ni wọ́n lù ú. Ọ̀gá mi yá mi ní ìdajì owó, á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Fíríwíìlì lara ti àtijọ́ ló fẹ́ pa mí. Ẹ mọ̀ pé bí a bá ṣe ń tẹ pẹ́dà ló ń le sí i lára kíránkì, tèmi ti le fún ọdún tí mi ò mọye. Mo gbé e lọ bá Bàbá ní Láfẹ́nwá. Wọ́n fi fáìsì di irin iṣẹ́ tó bá eyín ẹ̀ mu, a wá fi kíránkì fúnra ẹ̀ ṣe hándù, èmi àti ọmọ wọn obìnrin tó máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la sinmi. Nígbà tó yọ, ó dún bí ìgbà téèyàn ṣẹ́gi.

Mo ti lọ fò. Kò dún. Mo fi wáṣà sí i.

Bàbá ní kí n má gbé apá tó là yẹn fún ẹnikẹ́ni, kí n má tilẹ̀ jù ú sórí ààtàn, torí ẹnìkan á ṣà á. Wọ́n fi í sínú fáìsì, wọ́n gbé òòlù fún mi. Lílù kejì ló kán. Mo gbé e sínú oòrùn. Ojú ibi tó ti kán, bíi mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún ẹ̀ ti dúdú, ó ń yọ̀ bí ẹni pé epo ti mu ún láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyókù funfun, ó ń tàn yanranyanran bí iyọ̀. Ìyókù yẹn nìkan ni mo ti ń fò lé lórí.

folapata (Ọjọ́bọ̀, 8:51 alẹ́)

Bàbá, ẹ dákun, aago mélòó lẹ máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù? Ṣé kẹrosíìnì wà lọ́dọ̀ yín, àbí kí n gbé tèmi dání?

baba_keke_lafenwa (Ẹtì, 6:38 àárọ̀)

Aago mẹ́jọ. Ṣọ́ọ̀kì ni kó o mú wá, tiwa ti tán.